Màrìwò Lẹ́nu Èbúté Alápákó

Àwọn ọmọ èbúté kì í rìn bí àwa yòókù. Bí ẹ bá pàdé Alhájà Àjárátù lójú ọ̀nà Kétu, tó ru àpò ilá, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ kan níwájú èkejì ló ń gbé, tààrà, bí ẹni tí wọ́n fa ìlà sílẹ̀ fún. Àwa tí a jọ ń ṣe àsàlátù máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bárékè ló yẹ kó máa gbé. Kì í ṣe ìrìn ṣọ́jà. Ẹ̀gbẹ́ Èbúté Alápákó ni wọ́n bí i sí, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọ níbẹ̀, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, ni pé kó máa tẹ ojú ìṣó. Ibi tí ìṣó bá wà, igi ìdábùú wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí kò bá sí ìṣó, apákó lásán ni, omi ló sì kàn.

Ẹ̀yìn Ìkòsì ni èbúté náà wà, níbi tí odò ti ń rọra yí gba ọ̀nà ọ̀sà lọ. Òyìnbó onígẹdú kan ló kọ́ ọ láyé àwọn bàbá wa àgbà. Ó ri irin rélùwéè mọ́nú omi, ó to igi lé e, ó kan apákó mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ sì nà wọnú odò bí ahọ́n ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ. Òyìnbó lọ, gẹdú tán, èbúté kù. Àwọn ará abúlé òdìkejì odò wá sọ ọ́ di títì wọn. Orí rẹ̀ ni ìyàwó ń gbà lọ sílé ọkọ. Orí rẹ̀ náà ni ilá, ẹ̀fọ́ àti ẹja ń gbà dé Mile 12.

Ìdílé Ògúntúndé, ìdílé bàbá Àjárátù, ni olórí èbúté. Iṣẹ́ wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò dùn. Bí omi bá gbé ènìyàn, àwọn ni wọ́n ń so màrìwò sí etí méjèèjì èbúté náà: ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀ níhìn-ín lórí ilẹ̀, ọ̀kan ní orí rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tó parí sí nínú omi. Bí màrìwò bá ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé apákó. Àwọn ará òdìkejì yóò ka ara wọn láti ilé dé ilé kí wọ́n lè mọ ẹni tó kù, lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin yóò kó ọkọ̀ jáde láti bá wọn wá òkú. Wọn kì í tú màrìwò títí wọ́n á fi rí i.

Bàbá Ògúntúndé kú. Àkọ́bí rẹ̀ di pásítọ̀ ní Ìṣẹrì-Olówóòrà, ó sì ní ọwọ́ òun tí wọ́n fi òróró yàn kò ní kan màrìwò mọ́. Àjárátù, tí ìyá rẹ̀ ti sọ lórúkọ ìmàle láti òwúrọ̀ ọjọ́, fẹ́ ọkọ mùsùlùmí, ó lọ sí Mẹ́kà, ó bọ̀. Bàbá oníṣẹ̀ṣe, ọmọkùnrin pásítọ̀, ọmọbìnrin Alhájà: ilé Yorùbá gidi. Báyìí ni ó ṣe di pé ẹnikẹ́ni kò so màrìwò mọ́ lẹ́nu èbúté, kì í ṣe pé omi kò gbé ènìyàn mọ́.

Ọkọ Àjárátù ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Mọ́nsúrù, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló ń gbójú lé. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni Mọ́nsúrù ń fi kó èrò, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì wà ní òdìkejì odò. Nígbà náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ènìyàn ń fi ẹ̀fẹ̀ pe èrò láti orí omi, tó ń sọ fún ìyá tó sanra pé kó jókòó sáàárín kí ọkọ̀ má baà ṣègbè, òun nìyẹn.

Ní ọdún 2006, òjò pọ̀, odò gun òkè, nígbà tó sì fà, ó fi ìdí èbúté hàn. Ìgbà yẹn ni ìjọba rán Ẹnjiníà Elkanah wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tutù ni, ó wọ bàtà òjò gígùn, ó wọ ọkọ̀ lọ sábẹ́ èbúté, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú nǹkan kan lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ níwájú Àjárátù. Nǹkan náà rún wómúwómú bí àkàrà àná.

“Mama, ẹ wò ó, mà. Irin tó gbé e dúró nìyí.”

“Irin nìyí?”

“Irin ni tẹ́lẹ̀, mà. Ẹsẹ̀ tó wà lápá ilẹ̀ ṣì le díẹ̀. Èyí tó wà lórí, nínú omi lọ́hùn-ún, àdúrà ló gbé e dúró.”

“Àdúrà ta?” ni Àjárátù bi í. “Nítorí èmi ò gbàdúrà fún irin rí.”

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní wọn kò ní wó o, nítorí pé àwọn tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ pa mọ́. Wọ́n máa gé orí rẹ̀ tó ti jẹrà kúrò, wọ́n máa fi kọnkéré di ẹsẹ̀ ìyókù mú. Àmọ́ kí àṣẹ tó jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Wọ́n ti ro etí omi lápá òkè fún àwọn ọlọ́kọ̀ láti máa gúnlẹ̀ sí.

“Mama, wọ́n ní ìdílé yín ni olórí ibí. Ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀.”

Ẹnjiníà fi igi dábùú ẹnu èbúté, ó kan bọ́ọ̀dù pupa mọ́ ọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀dù pupa ti di òrùlé ilé ewúrẹ́. Ó padà wá fi páànù dí i. Wọ́n fa páànù ya. Ó fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, àwọn kan sì bá a tú u, wọ́n fi ṣe ọgbà adágún ẹja. Ẹni tó ń ṣáájú wọn, tó ń fi orin tú ìṣó, ni Mọ́nsúrù.

Ìyá rẹ̀ pè é jókòó.

“Mọ́nsúrù, ìwọ lo fa páànù yẹn ya?”

“Èmi nìkan kọ́, Màámi. Gbogbo wa ni.”

“Ẹnjiníà ní irin ti jẹ tán.”

“Irin ti ń jẹ kí wọ́n tó bí yín. Ṣé ó wó? Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ní ká máa gúnlẹ̀ sí. Ẹrẹ̀ dé orúnkún! Ìyàwó ilé wo ló máa ká ìró sókè níwájú àwọn àna rẹ̀ kó tó wọkọ̀ mi?”

“Bó bá wá wó ńkọ́?”

“Mo mọ̀wẹ̀ jẹja lọ.”

“Àwọn tómi gbé lójú mi, gbogbo wọn ló mọ̀wẹ̀,” ni Àjárátù sọ. “Ẹni tí ò mọ̀wẹ̀ kì í súnmọ́ ibẹ̀.”

“Màámi, ẹ ti ń ṣe Ẹnjiníà.” Ó fi ọwọ́ gbá èjìká ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ wọ bàtà òjò kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e lọ.”

Kò burú, bí ọmọ bá ń bá ìyá rẹ̀ ṣeré, àánú Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, Àjárátù dúró létí omi, ó ń dúró de ilá rẹ̀, ó sì rí Mọ́nsúrù tó gbé àpò ẹ̀gẹ́ ọlọ́jà kan lé èjìká, tó ń bọ̀ láti orí èbúté. Ó ń tẹ ojú ìṣó bí wọ́n ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo orí èbúté náà rọra tẹ̀ sápá kan, ó tún rọra padà, bí arúgbó tó ń tòògbé lórí ìjókòó. Mọ́nsúrù kò mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

Àjárátù wá sílé mi lọ́jọ́ náà. Omi tí mo bù fún un, kò mu ún.

“Ìyá Labeebah,” ló pè mí, “mo fẹ́ so màrìwò.”

Mo ní, “Àúsùbílàhì! Ìwọ wo? Ìwọ Alhájà?”

“Èmi náà ni. Bọ́ọ̀dù Ẹnjiníà, wọ́n fi ṣe òrùlé. Màrìwò nìkan ni ìwé tí wọ́n lè kà níbẹ̀. Kò sí ọfọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹyẹlé, kò sí epo. Ewé ọ̀pẹ ni. Ewé ọ̀pẹ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìgbálẹ̀ ní Mile 12, ẹnì kan kì í pe ìyẹn ní ẹbọ.”

“Ṣé o ò ní bi Alfa léèrè ni?”

“Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á dáhùn. Bí wọ́n bá dáhùn, mo ti gbọ́ nìyẹn.” Ó dìde. “Mi ò fẹ́ gbọ́.”

N kò gbà á níyànjú, n kò sì dá a dúró. Bí ẹ bá bi mí pé èwo ni mo ṣe nígbà náà, mo tẹ̀ lé e ni. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn lè ṣe kì í ju ìyẹn lọ.

Lówùúrọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Àjárátù gé màrìwò fúnra rẹ̀, ó pa fóònù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ yí i lọ́kàn padà, a sì jọ lọ. Ó so màrìwò dábùú ẹnu èbúté, òpó sí òpó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n so. Mo ní orí rẹ̀ tó wà nínú omi ńkọ́? Ó wo apákó gbọọrọ náà lọ títí. Ó ní òun kò lè rìn lórí ohun tí òun ń lé àwọn ẹlòmíràn kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó sì yẹ kó bá òun gbé e dé ibẹ̀, ẹgbẹ́ Mọ́nsúrù ni gbogbo wọn. Ó ní ọ̀kan ti tó. Bí ilẹ̀kùn bá tì lápá kan, ṣé ilẹ̀kùn náà kò tì ni?

Ó tì lápá ilẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù rí màrìwò, wọ́n dúró gbagidi, bí ẹni tó tẹ ejò. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí páànù àti wáyà kò lè ṣe, ewé tó tutù ń ṣe é, n kò sì ní purọ́, inú mi dùn díẹ̀.

Martha oníbúrẹ́dì sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta lómi gbé?”

“Kò gbé ẹnikẹ́ni,” ni Àjárátù dá a lóhùn. “Torí kó má baà gbé ẹnikẹ́ni ni.”

“Alhájà, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Màrìwò kì í ṣeré.”

“Mo ní kò sẹ́ni tó kú, Martha.”

“Wọn kì í tètè sọ ọ́, mo mọ̀.” Ó ti yọ fóònù. “Háló? Háló! Ṣé ẹ ti gbọ́? Màrìwò wà lẹ́nu èbúté o! Mi ò mọ ẹni náà. Ẹ ka ara yín! Ẹ tètè ka ara yín!”

Láyé Bàbá Ògúntúndé, kí ìròyìn tó sọdá odò, oòrùn á ti ga, wọ́n á sì ti so màrìwò kejì. Báyìí, gbogbo ènìyàn ló ní fóònù, àfi ẹni tó ti pa tirẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì, ẹnu ìyàwó Mọ́nsúrù ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní àwọn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ọkọ òun ka òun, ó ka àwọn ọmọ, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Kò lọ. Ó tún pè é. Kò lọ. Ó pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, pásítọ̀. Fóònù ń dún, kò gbé e, ìpàdé àdúrà ni wọ́n wà. Mọ́nsúrù bá jókòó sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún ara rẹ̀. Ìdílé wa nìkan ló lè so màrìwò. Ìyá mi kò ní so ó, Alhájà ni. Bọ̀dá Pásítọ̀ ló so ó nìyẹn. Kí ló lè mú pásítọ̀ so màrìwò? Ó ní bí òkú kan bá wà tó tó bẹ́ẹ̀, òkú àbúrò rẹ̀, ìyá òun, ni.

Ìyàwó rẹ̀ ní kò sunkún. Ó kàn dìde, ó gbàgbé bàtà.

Àwa wà létí omi nígbà tí a gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ tó wà ní òdìkejì pátá ló ń bọ̀, àwọn ọkùnrin kún inú wọn pẹ̀lú ọ̀pá àti àwọ̀n tí wọ́n fi ń wá òkú, Mọ́nsúrù ló sì wà níwájú. Àjárátù kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bọ̀ wá bá òun jà. Ó tún ìborùn rẹ̀ so, ó múra ẹjọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó rí i pé orí èbúté ni ọkọ̀ wọn dojú kọ, níbi tí màrìwò kankan kò sí, ló pariwo.

“Ẹ má gùn ún! Mọ́nsúrù! Má gùn ún!”

Ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mọ́nsúrù fò sórí èbúté, àwọn bí i mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ó gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn màrìwò, tó ń ju ọwọ́ méjèèjì. N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí lára àgbàlagbà ọkùnrin. Ojú ọmọ tó sọnù lọ́jà tó tún rí ìyá rẹ̀ ni.

“Màámi!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀.

“Padà! Wọ ọkọ̀! Padà!”

Ẹni tí ìyá rẹ̀ jíǹde, ta ló lè ní kó padà? Ó ń sáré, kò sì tẹ ojú ìṣó, bó bá sì tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kò sí ohun tí ìṣó máa ṣe fún un. Orí èbúté tẹ̀ sápá kan. Lọ́tẹ̀ yìí kò padà. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ ńlá, apákó, igi àti irin jọ wọlé sódò, omi sì bò wọ́n.

Ẹnikẹ́ni kò kú. Mo tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀, nítorí wọn kò tètè sọ ọ́ fún wa. Ọkọ̀ àti ọ̀pá tí wọ́n gbé wá fún òkú ni wọ́n fi gbé alààyè. Àwọn mẹ́rin yẹn jáde pẹ̀lú ọgbẹ́. Mọ́nsúrù nìkan ni irin rélùwéè há lẹ́sẹ̀ mọ́ igi, orí rẹ̀ ń yọ, ó ń rì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbé irin náà pẹ̀lú igbe. Àjárátù já màrìwò kọjá, ó sáré lọ sí ibi tí apákó parí sí, ó dọ̀bálẹ̀ lórí àyà rẹ̀, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó sì nà án bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi yọ ọmọ rẹ̀.

Àṣẹ tí kò rí ọ̀nà jáde láti ìgbà òjò rí ọ̀nà jáde ní ọjọ́ Ajé. Ẹnjiníà Elkanah kó ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ dé, wọ́n gé ìyókù orí èbúté, wọ́n kó irin kúrò nínú omi, wọ́n da kọnkéré yí àwọn ẹsẹ̀ tó kù ká, wọ́n gbé géètì irin sí ẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tú géètì náà. Ẹnjiníà wá kí Àjárátù nílé.

“Mama, ẹ ṣé gan-an, mà. Látọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gba ibẹ̀ mọ́.”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi,” ló sọ. “Ẹsẹ̀ Mọ́nsúrù ni kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ẹsẹ̀ náà kò ká mọ́. Wọ́n to irin sínú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó jinná, ṣùgbọ́n ó nà gbọnrangandan, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó ti ta ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà báyìí pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ó ń ran àwọ̀n fún àwọn apẹja. Kì í pe èrò mọ́, kì í fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Àwọn ará òdìkejì ń gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì ń bú Àjárátù bí wọ́n ṣe ń fọ ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó pe ikú níbi tí ikú kò sí. Bí Martha bá ń sọ ìtàn náà, a máa bura pé òun ti mọ̀ pé kò sí òkú kankan. Ní àsàlátù, Amírà, olórí wa, pe Àjárátù sí kọ̀rọ̀, ó ní kó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lórí màrìwò tó so. Àjárátù ní òun ń tọrọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí èyí tí òun so. Ó ní èyí tí òun kò so ni òun ń bẹ Ọlọ́run lé lórí.

Mọ́nsúrù kò bá ìyá rẹ̀ jà rí. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi í, nígbà mìíràn bí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́, nígbà mìíràn láìròtẹ́lẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ó ń ran àwọ̀n, kò gbójú sókè.

“Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ pa fóònù?”

Àjárátù a máa dá a lóhùn pé bátìrì ló kú, tàbí pé òun kò rántí. Lọ́jọ́ náà, ó sọ ilá tó ń rẹ́ kalẹ̀.

“Mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, mi ò ní lè so ó.”

Mọ́nsúrù ran ojú kan, ó ran èkejì, ó fi eyín já okùn. Ládánì ti ń pe ìrun. Mọ́nsúrù kò lè forí balẹ̀ mọ́, orí àga ló ti ń kírun, ó sì ń wá ibi tó máa fi ọwọ́ tì kó tó lè dìde. Ìyá rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ẹ rọra,” ni Mọ́nsúrù sọ fún un, “ẹsẹ̀ yẹn ni.”

“Mo mọ ẹsẹ̀ náà,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì gbé e dìde.